Windows 11 lórí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí Microsoft kò fọwọ́ sí: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Tíṣà Òmù-Àrán:

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí mo ń lò ni HP EliteBook 840 G1, tòkunbọ̀ tí mo rà ní Ìlọrin. Core i5-4300U ni ọpọlọ rẹ̀, RAM inú rẹ̀ jẹ́ 4 GB, hard disk rẹ̀ tí ó jẹ́ irú àtijọ́ tí ń yí sì gba 500 GB. Windows 10 ni ó wà lórí rẹ̀, Microsoft sì ti fi òpin sí ìtọ́jú Windows 10 láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Máàkì àwọn ọmọ ilé-ìwé, àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa àti iṣẹ́ báǹkì orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ń fi kọ̀ǹpútà náà ṣe. Ìdí nìyí tí ọkàn mi kò fi balẹ̀ láti máa lò ó láìsí àtúnṣe ààbò, bẹ́ẹ̀ ni owó tí n ó fi ra òmíràn kò sí nílẹ̀ báyìí.

Mo kó Windows 11 sórí fláàṣì. Nígbà tí mo fi fláàṣì náà tan kọ̀ǹpútà, ó kọ ọ́ sójú rẹ̀ pé "This PC can't run Windows 11". Aládùúgbò mi kan tí ó mọ̀ díẹ̀ nípa kọ̀ǹpútà ní kí n tẹ Shift àti F10 pọ̀, ó sì júwe ohun tí n ó kọ sínú regedit, ibi tí a ti ń yí ètò inú Windows padà, fún mi. Lóòótọ́, ó kọjá ibẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ibi tí a ti ń yan disk, ó tún kọ̀, ó ní "Windows cannot be installed to this disk. The selected disk has an MBR partition table." Aládùúgbò mi ní kí n pa gbogbo ìpín orí disk náà rẹ́ kí n sì máa bá iṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n mo ní kí a dúró ná. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, ṣé kọ̀ǹpútà yìí lè gbé Windows 11 ní tòótọ́, ọ̀nà wo ni mo sì lè gbé e gbà tí iṣẹ́ àwọn ọmọ kò fi ní ṣòfò?

Ẹnjiníà Challenge, Ìlọrin:

Ẹ̀gbọ́n tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ. Ẹ ṣeun tí ẹ dúró. Ẹ dákun, ẹ má fọwọ́ kan ìpín kankan lórí disk yẹn títí tí ẹ ó fi ka ọ̀rọ̀ yìí tán, nítorí pé ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó dí yín lọ́nà, ojútùú wọn kò sì jọra.

Bí ẹnikẹ́ni bá gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ wá sí ìsọ̀ wa pé òun ń fẹ́ Windows 11, ohun tí a kọ́kọ́ ń wá ni ẹni tí ó ń sọ pé rárá. Bí ó bá jẹ́ Microsoft ni ó fi òfin sọ pé rárá, ọ̀nà wà. Bí ó bá jẹ́ pé ara kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀ ni kò gbà á, kò sí ohun tí a lè kọ sínú regedit tí yóò yí i padà, ẹni tí ó bá sì ń tẹ̀ síwájú ń fi dátà àti àkókò rẹ̀ ṣòfò ni.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí òfin. Nígbà tí Windows 11 jáde ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 2021, Microsoft ní kí kọ̀ǹpútà tí yóò gbé e ní TPM 2.0, kí ó ní UEFI (ètò ìgbàlódé tí ń tan kọ̀ǹpútà) tí ó lè ṣe Secure Boot (yíyẹ ohun tí ó fẹ́ tàn wò bóyá ojúlówó ni), kí RAM rẹ̀ tó 4 GB, kí àyè ìpamọ́ rẹ̀ tó 64 GB, kí ọpọlọ rẹ̀ sì wà nínú orúkọ tí àwọn kọ sílẹ̀. Ní ti Intel, ìran kẹjọ ni àkọsílẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, bí a bá yọ díẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà tí ó tẹ̀ lé i5 lára kọ̀ǹpútà yín: 4300U. Ẹyọ 4 tí ó ṣíwájú ni ó ń sọ pé ìran kẹrin ni. Nínú àwọn EliteBook 840 tí ó kún ọjà wa, 840 G3 jẹ́ ìran kẹfà, àwọn 840 G5 tí ó ń gbé ìran kẹjọ ni ó sì kọ́kọ́ wọ inú àkọsílẹ̀ náà. Nítorí náà, kọ̀ǹpútà yín kò sí nínú àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí, kò sì lè sí níbẹ̀ láéláé.

TPM jẹ́ ẹ̀yà kékeré kan lórí pátákó inú kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tọ́jú àwọn kọ́kọ́rọ́ àṣírí, irú èyí tí BitLocker fi ń ti disk pa. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ìgbà náà, TPM 1.2 ni ẹ ó bá. Bí ẹ bá kọ tpm.msc sínú àpótí Run, yóò sọ èyí tí ó wà nínú tiyín. Windows 11 lè tàn, kí ó sì ṣiṣẹ́, láìsí TPM 2.0 lábẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi pè é ní òfin. Ohun tí aládùúgbò yín júwe tọ̀nà. Nínú regedit, lábẹ́ HKEY_LOCAL_MACHINE\SYSTEM\Setup, a ń dá kọ́kọ́rọ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ LabConfig, a ó wá fi DWORD BypassTPMCheck, BypassSecureBootCheck, BypassCPUCheck àti BypassRAMCheck sínú rẹ̀, kí a sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iye 1. Ètò ọ̀fẹ́ tí a ń pè ní Rufus, tí a fi ń kó Windows sórí fláàṣì, lè bá yín ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ tí ẹ kò fi ní kọ ohunkóhun fúnra yín: bí ẹ bá ti tẹ Start ni yóò béèrè bóyá kí òun yọ òfin TPM, Secure Boot àti RAM 4 GB kúrò.

Àwọn ènìyàn kan máa ń fẹ́ gba ọ̀nà ẹ̀bùrú, wọn a lọ gba Windows 11 tí ẹlòmíràn ti gé kúrú, tí ó ń pè ní "Lite", láti inú ẹgbẹ́ orí Telegram. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ báǹkì. Ẹni tí ó lè yọ nǹkan kúrò nínú Windows lè fi nǹkan mìíràn sí i, ẹ kò sì ní mọ̀. Láti ojúlé Microsoft ni kí ẹ ti gba ISO, ìyẹn fáìlì kan ṣoṣo tí gbogbo Windows 11 wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí Rufus ṣe ìyókù.

Ó wá kan ara kọ̀ǹpútà. Láti ìgbà tí ẹ̀dà 24H2 ti jáde ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni Windows 11 ti ń béèrè àwọn àṣẹ kan tí ó gbọ́dọ̀ wà nínú ọpọlọ kọ̀ǹpútà láti ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é, SSE4.2 àti POPCNT. Bí kò bá sí níbẹ̀, kò sí. Àwọn Core i ti Intel ní wọn láti ìran kìíní tí ó jáde ní ọdún 2008, nítorí náà tiyín kọjá. Ètò CPU-Z yóò fi SSE4.2 hàn yín ní ojú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀. Àwòrán ojú kọ̀ǹpútà náà tún jẹ́ ọ̀ràn tirẹ̀: HD Graphics 4400, ẹ̀yà àwòrán tí ó wà nínú tiyín, ní dírafà Windows 10 (ètò kékeré tí Windows fi ń bá ẹ̀yà kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀) tí Windows 11 lè lò. HD Graphics 3000 tí ó wà nínú ìran kejì, irú bí EliteBook 8460p àti Latitude E6420, kò kọjá DirectX 10.1, ìlànà àwòrán àtijọ́. Windows 11 lè gorí wọn o, ṣùgbọ́n kí olúwa rẹ̀ má retí kí ojú rẹ̀ já geere.

Ohun kejì tí ó dí yín lọ́nà ni MBR. Kì í ṣe òfin, kì í sì í ṣe àìlera. Ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà yín lè gbà tàn, Legacy ti àtijọ́ àti UEFI. Disk tí a pín ní ìlànà MBR ni ti àtijọ́ ń bá ṣiṣẹ́, èyí tí a pín ní ìlànà GPT sì ni UEFI ń béèrè. Ẹni tí ó fi Windows 10 sí kọ̀ǹpútà yín kí ó tó tà á fún yín lo Legacy. Fláàṣì tí ẹ ṣe báyìí sì tàn nípa UEFI, ni wọn kò bá gbọ́ ara wọn yé. Bí ẹ bá tẹ F10 nígbà tí HP ń tàn, tí ẹ wọ System Configuration, tí ẹ sì wo Boot Options, ẹ ó rí Legacy, UEFI Hybrid (With CSM) àti UEFI Native (Without CSM). Èyí tí ó kẹ́yìn ni ibi tí ẹ ń lọ.

Ẹ lè yí disk náà padà láìpa ohunkóhun rẹ́. Nínú Windows 10 tí ó ṣì wà níbẹ̀, ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, ẹ kọ mbr2gpt /validate /allowFullOS. Bí ó bá sọ pé ó dára, ẹ kọ mbr2gpt /convert /allowFullOS, kí ẹ tó lọ yí BIOS, ìyẹn ojú ewé F10 yẹn, sí UEFI Native. Kò ní gbà bí ìpín pàtàkì orí disk náà bá ju mẹ́ta lọ. Ọ̀nà tí aládùúgbò yín sọ, ìyẹn diskpart, select disk, clean, lẹ́yìn náà convert gpt, yára, ṣùgbọ́n clean kì í bi ènìyàn léèrè lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo máàkì yẹn yóò lọ ráúráú. Bí fláàṣì tàbí disk ìta bá sì wà lára kọ̀ǹpútà nígbà náà, ó rọrùn láti yan èyí tí kò yẹ, nítorí náà ìwọ̀n GB ni kí ẹ máa wò nínú list disk, ẹ má wo nọ́ńbà nìkan.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ èmi ni, n kò ní ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Disk oníyípo tí ó bá kọ̀ǹpútà náà dé láti òkè òkun ti dàgbà, Windows 11 lórí rẹ̀ yóò sì máa falẹ̀ débi pé ẹ ó rò pé ó ti kú. Ẹ ra SSD, ìyẹn disk tí kò ní ohun tí ń yí nínú, irú SATA onínṣì 2.5, kí ẹ yọ disk àtijọ́ náà jáde pátápátá, kí ẹ gbé Windows 11 lé orí SSD náà, kí ẹ sì fi disk àtijọ́ pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀ bí ó ti wà. Iṣẹ́ àwọn ọmọ kò ní sí nítòsí ewu kankan, nítorí pé disk tí ó wà lórí rẹ̀ kò tilẹ̀ sí nínú kọ̀ǹpútà nígbà tí iṣẹ́ ń lọ. SSD tuntun kò ní MBR kankan lórí, ọ̀rọ̀ tí ó gbé jáde fún yín yẹn kò sì ní wáyé mọ́. Ẹ fi RAM kún un kí ó di 8 GB. DDR3L oní-1.35V ni kí ẹ béèrè. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fún yín ní DDR3 oní-1.5V pé ọ̀kan náà ni, ìran kẹrin oní-U kò gbà á.

Akẹ́kọ̀ọ́ Tánkẹ̀:

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n Ẹnjiníà. Díẹ̀ ni mo ní láti fi kún un, ní ti fláàṣì àti ISO, nítorí pé ibẹ̀ ni ó ti ń bàjẹ́ jù lọ láàrin àwa tí à ń gbé nítòsí Yunifásítì Ìlọrin, tí ẹlòmíràn á sì máa dá kọ̀ǹpútà lẹ́bi.

ISO Windows 11 ju 5 GB lọ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè já láàrin, kí ètò tí a fi ń gbà á wálẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó já, kí ó sì sọ pé òun parí, kí fáìlì náà má sì pé. Ẹni tí kò bá yẹ̀ ẹ́ wò yóò dé ìdajì iṣẹ́ kí ó tó pàdé 0x80070570, tí ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé fáìlì kan bàjẹ́ tí kò ṣeé kà. Kí ẹ tó kó o sórí fláàṣì, ẹ lọ sínú fódà tí ó wà nípasẹ̀ Command Prompt, kí ẹ kọ certutil -hashfile, lẹ́yìn náà orúkọ fáìlì ISO náà, lẹ́yìn náà SHA256. Lẹ́tà àti nọ́ńbà gígùn tí yóò jáde gbọ́dọ̀ bá èyí tí Microsoft kọ sí ojú ewé ibi tí ẹ ti gbà á mu. Bí ẹyọ kan bá yàtọ̀, ISO náà kò dára.

Fláàṣì tí wọ́n kọ 64 GB sí lára lè máà tó bẹ́ẹ̀ nínú. Irú rẹ̀ pọ̀ lórí igbá. Yóò gba fáìlì títí yóò fi dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ ní tòótọ́, lẹ́yìn náà ohun tí a bá tún kó sí i yóò máa parẹ́ láìsọ̀rọ̀. Rufus ní àyè kan tí ó lè fi yẹ fláàṣì wò kí ó tó bẹ̀rẹ̀, H2testw tí wọ́n ṣe ní Jámánì sì ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn nìkan. Ó ń pẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ṣe é. Ẹ má sì fi ọwọ́ da ISO sórí fláàṣì tí a ṣe ní FAT32, nítorí pé FAT32 kì í gba fáìlì kan ṣoṣo tí ó bá tó 4 GB, install.wim inú Windows 11 sì ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Rufus mọ bí òun ṣe ń bá a yanjú rẹ̀.

Ní ti bọ́tìnnì, F9 ni HP fi ń yan ohun tí yóò fi tàn, F12 ni Dell àti ThinkPad.

Ìyá Oníbísínẹ́ẹ̀sì, Ọ̀fà:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Ilé títẹ̀wé ni mo ní nítòsí Pólì, kọ̀ǹpútà orí tábìlì méjì ni mo ń lò fún títẹ̀ àti ìforúkọsílẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ Core 2 Duo, RAM rẹ̀ 4 GB. Ọmọkùnrin kan bá mi fi Windows 11 sí i nípa ọ̀nà Rufus yìí gan-an. Gbogbo rẹ̀ lọ dáadáa títí ó fi ní òun fẹ́ tún tàn, láti ìgbà náà ni ó ti ń fi àmì Windows hàn, tí yóò kú, tí yóò tún tàn, tí kò sì dúró. Ọmọ náà ní RAM ni ó bàjẹ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Mo sì fẹ́ kí ẹnìkan sọ̀rọ̀ lórí iná. Ohun tí ó kọ́kọ́ ba iṣẹ́ náà jẹ́ kí èyí tó ṣẹlẹ̀ ni pé iná lọ nígbà tí ó dé àárín, kọ̀ǹpútà orí tábìlì kò sì ní bátìrì.

Ẹnjiníà Challenge, Ìlọrin:

Ẹ kú iṣẹ́, màmá. RAM lè bàjẹ́ ní tòótọ́, ẹ sì lè fi MemTest86 dán an wò mọ́jú. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹ̀dà 24H2 tàbí 25H2 ni ọmọ náà fi sí i, ohun tí ẹ júwe yẹn ni ìṣe Core 2 Duo. Kò sí POPCNT nínú rẹ̀. Rufus lè pa ẹnu òfin mọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí Windows fúnra rẹ̀ bá fẹ́ tàn, yóò pe àṣẹ tí ọpọlọ náà kò mọ̀, yóò ṣubú, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ra RAM. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ yín láti gbìyànjú rẹ̀ sí i.

Ní ti iná, ọ̀rọ̀ pàtàkì ni ẹ gbé kalẹ̀, ó sì yẹ kí n ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣáájú ohun gbogbo. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì nílò UPS tàbí inverter kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ti alágbèéká sì nílò bátìrì tí ó lè dá gbé e fún wákàtí kan ó kéré tán láìsí ṣájà. Bátìrì tòkunbọ̀ máa ń tan ènìyàn jẹ: yóò kọ 100% sójú, bí a bá sì fa ṣájà yọ, yóò kú lójú ẹsẹ̀. Ẹ fa ṣájà yọ kí ẹ wò ó ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́. Bí iná bá lọ nígbà tí a ń gbé Windows lé orí disk tí ó ṣófo, a lè tún un bẹ̀rẹ̀, kò burú jù. Bí ó bá lọ nígbà tí mbr2gpt ń ṣiṣẹ́, tàbí nígbà tí a ń sọ BIOS di tuntun, ọ̀rọ̀ ti di iṣẹ́ ńlá.

Alfa Ọjà-Ọba:

Àsàlámù aléékúmù, ẹ̀yin ará. N kò tako ohun tí Ẹnjiníà sọ, ṣùgbọ́n kò tẹ́ mi lọ́rùn pé a kò tíì mẹ́nu kan Linux, ètò ọ̀fẹ́ tí ó lè rọ́pò Windows, nígbà tí kọ̀ǹpútà ìyá wa ní Ọ̀fà ti fẹ́ di ohun tí a ó gbé sọnù. Linux Mint tí ó ní ojú Xfce gba kọ̀ǹpútà oní-RAM 2 GB, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 4 GB ni ó ń tu ènìyàn lára, àyè 20 GB sì tó o. Core 2 Duo oní-64-bit ń gbé e. Kò béèrè TPM, àtúnṣe ààbò rẹ̀ sì ń wọlé lọ́nà tí àwọn tí ó ṣe é fọwọ́ sí. Èmi kò rí ìdí tí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títẹ̀wé àti íntánẹ́ẹ̀tì yóò fi máa fi ipá gbé ohun tí kò gba kọ̀ǹpútà rẹ̀ lé e lórí. Ẹ tilẹ̀ lè fi fláàṣì tan Mint kí ẹ lò ó wò láìfọwọ́ kan disk. Ohun kan tún wà tí mo nífẹ̀ẹ́ sí gidigidi: àtẹ bọ́tìnnì Yorùbá wà nínú rẹ̀ láti ilé wá, ẹ ó kàn yàn án lábẹ́ Nàìjíríà ni. Èmi tí mo ń tẹ ìwé wáàsí ní èdè wa mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Fún tíṣà, ẹ má kánjú. Microsoft fi ọdún kan kún àtúnṣe ààbò Windows 10 fún àwọn tí ń lò ó nílé, títí di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026, ESU ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí ó bá fi àkáǹtì Microsoft wọlé, tí ó sì gbà kí ó máa tọ́jú ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí àkáǹtì náà, kì í san owó. Ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ lè san $30. Inú Settings, ní ibi tí Windows Update wà, ni a ti ń forúkọ sílẹ̀. Ìyẹn yóò fún yín láyè láti wá owó SSD láìsí wàhálà.

Ẹnjiníà Challenge, Ìlọrin:

Alfa, òótọ́ ni ẹ sọ, èmi náà yóò fi Mint sí Core 2 Duo màmá láìronú lẹ́ẹ̀mejì. Kí màmá kàn yẹ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn wò kí wọ́n tó ṣe é. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé HP ń bá Linux ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́ nítorí pé HP fúnra rẹ̀ ń ṣe HPLIP fún un. Canon LBP2900 tí ó kún àwọn ilé títẹ̀wé wa ni ó máa ń fún ènìyàn ní ìṣòro, nítorí pé èdè tirẹ̀ tí a ń pè ní CAPT ni ó ń sọ. Bí ó bá jẹ́ òun ni wọ́n ní, kí wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà kejì tí ó ń gbé Windows, kí Mint sì máa ṣe iṣẹ́ tó kù.

Níbi tí èmi kò ti tẹ̀ lé yín pátápátá ni ti tíṣà. Ètò tí ilé-ìwé fi ń gba máàkì lè jẹ́ ti Windows nìkan, ẹni tí ó sì ti mọ Excel mọ́wọ́ kì í fẹ́ kí a yí i padà láàrin táàmù. Kọ̀ǹpútà wọn lágbára tó. Kí wọ́n fi ESU ra àkókò, bí Alfa ti wí, kí wọ́n sì gbé Windows 11 lé e ní ìsinmi.

Tíṣà Òmù-Àrán:

Ẹ ṣeun gan-an ni, Ọlọ́run yóò máa mú iṣẹ́ yín lọ síwájú. Mo tẹ̀ lé ìmọ̀ràn SSD náà, mo yọ disk àtijọ́, mo yí BIOS sí UEFI Native, Rufus sì ṣe ìyókù. Bátìrì mi kò lè dá dúró, ilé ọ̀rẹ́ mi tí ó ní sólà ni mo ti ṣe é. Windows 11 ti dé orí rẹ̀. Ibi tí mo kù sí ni pé ó ní kí n so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì kí n tó lè kọjá, bẹ́ẹ̀ ni kò rí WiFi kankan. Aago rẹ̀ náà ń padà sẹ́yìn nígbàkúùgbà tí mo bá pa á.

Akẹ́kọ̀ọ́ Tánkẹ̀:

Ẹ kú oríire, sà. Ẹ fi okùn USB so fóònù yín mọ́ ọn, kí ẹ lọ sí Settings fóònù náà, kí ẹ tan USB tethering. Kọ̀ǹpútà yóò rí i bí ẹni pé okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, kò sì nílò WiFi. Nígbà tí ẹ bá wọlé, Windows Update yóò wá dírafà WiFi fúnra rẹ̀. Bí kò bá rí i, ti Windows 10 tí HP kọ fún 840 G1 yóò ṣiṣẹ́. Ẹ fi ojú sí dátà yín o, nítorí pé bí ó bá ti rí íntánẹ́ẹ̀tì ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fa àtúnṣe wálẹ̀. Bí ẹ bá wọlé tán, ẹ sọ ọ́ di metered connection, kí ó lè máa ṣọ́ dátà yín lò.

Ẹnjiníà Challenge, Ìlọrin:

Aago yẹn, bátìrì kékeré orí pátákó ni ó kú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, nítorí pé bí ọjọ́ inú kọ̀ǹpútà bá ti ṣáko, àwọn ojúlé báǹkì yóò máa kọ̀ yín pé ìwé ẹ̀rí wọn kò bá àkókò mu, Windows pẹ̀lú kò sì ní lè jẹ́rìí sí láísẹ́ńsì rẹ̀. Ní ti láísẹ́ńsì, bí Windows 10 yín bá ti jẹ́ ojúlówó, tí ẹ sì yan irú kan náà, Home fún Home, Pro fún Pro, yóò dá láísẹ́ńsì rẹ̀ mọ̀ nígbà tí ó bá rí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí pé pátákó kọ̀ǹpútà ni wọ́n so ó mọ́, kì í ṣe disk.

Ohun kan ṣì wà níwájú. Microsoft sọ ọ́ kedere pé kọ̀ǹpútà tí kò bá òfin àwọn mu kò ní ẹ̀tọ́ sí àtúnṣe. Títí di báyìí, èyí tí ń wá ní oṣooṣù ń dé orí irú rẹ̀. Ẹ̀dà ńlá tí ń jáde lọ́dọọdún ni Windows Update kì í gbé wá fún wọn. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó máa gba ISO tuntun, ẹ ó ṣí i láti inú Windows tí ó wà níbẹ̀, ẹ ó sì ti inú Command Prompt pe setup pẹ̀lú /product server lẹ́yìn rẹ̀. Yóò kọ ọ́ sójú pé Windows Server ni òun ń fi sí i, ẹ má jẹ́ kí ó dẹ́rù bà yín, Windows 11 yín náà ni, kí ẹ sá rí i pé ó sọ pé òun yóò tọ́jú fáìlì àti ètò kí ẹ tó tẹ Install. Bí ó bá dé àárín, tí ó sì padà sẹ́yìn pẹ̀lú 0xC1900101, dírafà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí: ẹ yọ gbogbo ohun tí ẹ so mọ́ USB, ẹ yọ antivirus tí ẹ fi sí i lọ́tọ̀, kí ẹ tó tún un ṣe.

Disk àtijọ́ yẹn, ẹ ra àpótí USB onínṣì 2.5 fún un, kí ẹ fi kó máàkì àwọn ọmọ padà, kí ẹ sì fi CrystalDiskInfo wò ó. Bí ó bá kọ Caution, ẹ kó gbogbo ohun tí ó wà lórí rẹ̀ kúrò lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ má sì fi pamọ́ sí ibẹ̀ mọ́.